Ṣọ́ọ̀bù Tó Mọ Nọ́ńbà Ìbọn Ogun Àtijọ́ Kà
Ìbọn Mauser K98k ti Jámánì, tí kò lè yìn mọ́, ni mo gbé lọ fún àyẹ̀wò ní ṣọ́ọ̀bù kan ní London. Ọ̀gá ibẹ̀ fi «byf 43» tó wà lórí irin rẹ̀ hàn mí, ó ní ilé iṣẹ́ Mauser tó wà ní Oberndorf ló ṣe é lọ́dún 1943, àti pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìbọn nìkan kò tó láti fi dá a mọ̀, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń tún un bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi lẹ́tà kún un. Ó tún rí i pé nọ́ńbà irin tí a ń fà sẹ́yìn láti ki ọta yàtọ̀ sí ti ara ìbọn mi náà. Kò fi pamọ́ fún mi rárá, ìyẹn ni mo sì yìn jù. Àbùkù kan ni pé wọ́n gbàgbé lẹ́tà náà nínú ìwé àyẹ̀wò, àfìgbà tí mo padà lọ béèrè.