Ká ka ọdún ni, àbí ká wo ọjà?

Lọ́jọ́ Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Kábà, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: ìgbà wo ni PlayStation 6, ẹ̀rọ géèmù Sony tó kàn, máa jáde?

Ọdún ni ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń kà. PlayStation 3 (PS3) jáde ní 2006, PS4 ní 2013, PS5 ní 2020, oṣù kọkànlá sì ni gbogbo wọn. Ọdún méje-méje. Ó ní 2027 ló kàn, ó ti ń tọ́jú owó.

Ọjà ni èmi máa ń wò ní tèmi. Nintendo, iléeṣẹ́ míì tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù, gbé ẹ̀rọ Wii U jáde ní 2012. Kò tà rárá, wọn ò rí mílíọ̀nù 14 tà, ni Switch bá gbapò rẹ̀ ní 2017, kò tíì pé ọdún márùn-ún. Switch wá tà ju mílíọ̀nù 150 lọ. Wọ́n jókòó tì í fún ọdún mẹ́jọ kí Switch 2 tó dé ní 2025. Ta ló máa fi ìṣirò ọdún mú ìyẹn? Àgbẹ̀ Ìjùmú kì í ka oṣù kó tó wa iṣu, ewé ló ń wò.

Fún Sony ṣá, ọ̀nà ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣì mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n páàdì géèmù tó gbé lé mi lọ́wọ́, rọ́bà rẹ̀ ti bó, sẹ́lótéèpù ló fi dì í. Ìyẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ fowó yẹn rà.