Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra phono preamp nílùú Ìbàdàn

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ṣì ń gbọ́ orin lórí àwo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tí ó ń polówó phono preamp, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn àwo ga kí ó tó dé amplifier, lórí WhatsApp, tí ó ń pè é ní tòkunbọ̀ láti Jámánì. Kò ní ìsọ̀. Ilé epo kan ní Ring Road ni ó ń dá fún oníbàárà, kì í sì í gbà kí a so ọjà náà mọ́ ẹ̀rọ kankan kí owó tó wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó pe èmi àti ẹnì kan tí ó ń tún rédíò ṣe kí ó tó fi í sínú iná. Nígbà tí a tú u, a rí i pé irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó wúwo. Ẹ̀rọ tube méjì (ìgò bíi gílóòbù kékeré tí rédíò àtijọ́ fi ń gbé ohùn ga) ni ó yọrí lókè, ṣùgbọ́n kò sí wáyà kankan tí ó so wọ́n mọ́ ọ̀nà tí ohùn ń gbà. LED kékeré ni wọ́n fi sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè máa tàn pupa. IC kan ṣoṣo (ẹ̀yà dúdú kékeré tí ó ní ẹsẹ̀ wáyà), tí wọ́n ti ha orúkọ ara rẹ̀ kúrò, ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Wọ́n kọ 120 V sára tiransifọ́mà inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná 230 V ni Jámánì ń lò bíi tiwa. Stepdown, ẹ̀rọ tí ń dín agbára iná kù, ni a fi tàn án kí ó má baà jóná.

Èyí tí ó dùn mí jù ni bọ́tìnnì tí wọ́n kọ MM àti MC sí (oríṣi cartridge méjì, ìyẹn orí tí abẹ́rẹ́ àwo wà lára rẹ̀), nítorí òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀rọ. Wáyà rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Cartridge MM máa ń mú nǹkan bíi mílífóòtì 3 sí 5 jáde, ṣùgbọ́n ti MC kì í sábà ju 0.2 sí 0.5 lọ. Ìdí nìyí tí preamp fi gbọ́dọ̀ sọ ohùn MC di ńlá ní nǹkan bí ìlọ́po 1,000, nígbà tí ìlọ́po 100 tó fún MM. Bí ẹ bá ti fólúùmù wálẹ̀, tí ẹ tẹ bọ́tìnnì náà sí MC, tí ohùn kò sì lọ sókè gidigidi, irọ́ ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe àwo ti ń tẹ̀lé ìlànà RIAA (ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ orin ní Amẹ́ríkà): wọ́n ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n sì ń gbé ti òkè sókè nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, preamp ni ó sì ń dá méjèèjì padà sí bí wọ́n ṣe wà. Àpótí yìí kò ní ohun tí yóò fi ṣe é. A fi àwo Hàrúnà Ìṣọ̀lá sí i, a kò gbọ́ agídìgbo rárá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù.

Nítorí náà, ẹ gbé àwo tí ẹ mọ ohùn rẹ̀ dáadáa dání, kí ẹ sì gbọ́ ọ lórí preamp náà kí ẹ tó sanwó. Iná tube tòótọ́ ń tàn láti inú gíláàsì fúnra rẹ̀, ó ń gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó tó mọ́lẹ̀, gíláàsì náà a sì máa gbóná. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn amplifier yín pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ti àtijọ́ ni ó ní ihò tí wọ́n kọ PHONO sí, tí ó lè má jẹ́ kí ẹ náwó rárá. Ẹ gba rìsíìtì tí ó ní àdírẹ́sì, nítorí òfin FCCPA ti 2018, tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, fún olùrà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí ó ní àbùkù padà, ṣùgbọ́n ta ni ẹ ó dá a padà fún bí ẹ kò bá mọ ibi tí ó wà?

Ọkùnrin náà ti bulọ́ọ̀kì nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi. Ó tún ti gba nọ́ńbà tuntun, ṣùgbọ́n àwòrán kan náà ni ó ṣì fi ń polówó: àpótí dúdú lórí tábìlì onígíláàsì, pẹ̀lú kọ́tìnì aláwọ̀ ewé lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí àwòrán yẹn, ẹ má ṣe sanwó, kí ẹ sì fi tó àwọn tí ó wà lórí gúrúùpù yín létí.