Àgbéyẹ̀wò Cheers: ẹni tó yan àwọn òṣèré yìí mọṣẹ́

Mo wo Cheers láti sáà kìíní títí dé ìkọkànlá tó kẹ́yìn, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé n kò tíì rí eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣàn tí wọ́n fara balẹ̀ yan òṣèré rẹ̀ tó báyìí. 1982 ló bẹ̀rẹ̀ lórí NBC ní Amẹ́ríkà, 1993 ló parí. Inú ilé ọtí kan ní Boston ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, káńtà kan náà la sì ń wò ṣáá. Bí àwọn tó yí káńtà yẹn ká kò bá bára mu, kí la fẹ́ máa wò?

Ẹ wo bí Norm, oníbàárà tí kì í pa ibẹ̀ jẹ, ṣe máa ń wọlé ní àwọn sáà àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn á ṣí, gbogbo ilé á ké e pọ̀: "Norm!" Ariwo á rọlẹ̀ tán kí Diane, ọ̀mọ̀wé àárín wọn, tó wá pè é ní "Norman" pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹni tó wà nídìí ọtí á béèrè àlàáfíà rẹ̀, George Wendt tó ń ṣe Norm á sì ti fèsì kó tó dé orí àga rẹ̀ ní igun. Kò tó ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ a ti mọ ẹni tó jẹ́ onílé níbẹ̀ àti ẹni tó ṣì ń ṣe àlejò.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọ́n máa ń tún ipa ṣe láti bá òṣèré mu. Agbábọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kí Sam Malone, olórí eré tó ń ta ọtí níbẹ̀, ti jẹ́ rí. Nígbà tí wọ́n mú Ted Danson, tí ara rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹni tó ti ṣe baseball rí. John Ratzenberger wá dán ara rẹ̀ wò fún ipa Norm, kò rí i gbà, ló bá bi wọ́n bóyá wọ́n ní onímọ̀-gbogbo kan nínú ilé ọtí náà. Bí a ṣe rí Cliff, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí kì í sinmi àlàyé, nìyẹn. Ní ti Rhea Perlman, tó ṣe Carla ẹlẹ́nu mímú, Emmy mẹ́rin, àmì ẹ̀yẹ tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, tó gbà ti sọ tirẹ̀.

Ní 1985, Nicholas Colasanto tó ń ṣe Coach, àgbàlagbà tó ń ta ọtí pẹ̀lú Sam, kú. Ó dùn mí gan-an, torí bàbá ló jẹ́ fún gbogbo wọn. Wọn kò wá arúgbó mìíràn. Woody Harrelson ni wọ́n mú wọlé, ọmọdékùnrin ará oko láti Indiana. Ọkàn mímọ́ bíi ti Coach wà lára rẹ̀, àmọ́ Sam tó jẹ́ ọmọ fún Coach wá di ẹ̀gbọ́n fún Woody. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí Shelley Long, Diane wa, kúrò ní 1987. Kirstie Alley wọlé gẹ́gẹ́ bí Rebecca, ọ̀gá tó le, kò pẹ́ tí a fi rí i pé ẹkún rẹ̀ ló pani lẹ́rìn-ín jù, àwọn òǹkọ̀wé sì gbá a mú níbẹ̀.

Abala díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi Kelsey Grammer ṣe nígbà tó dé ní 1984 gẹ́gẹ́ bí Frasier, oníṣègùn ọpọlọ. Ó bá wọn dé òpin, wọ́n sì fún Frasier ní eré tirẹ̀ títí di 2004. Bebe Neuwirth, tó ṣe Lilith, ìyàwó Frasier tí kì í túra ká, jẹ́ ààyò mi.

Mo ní ẹ̀sùn o. Bí Rebecca ṣe ń sá tẹ̀lé olówó nì, Robin Colcord, gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó burú jù ni pé nínú ìlú bíi Boston, gbogbo àwọn tó ń jókòó sídìí káńtà yẹn, aláwọ̀ funfun ni wọ́n. Ẹni tó mọ òṣèré yàn tó báyìí kò yẹ kó pàdánù ìyẹn.

Bí ẹ kò bá ráyè gbogbo rẹ̀, ẹ wo ìparí sáà karùn-ún, níbi tí Diane ti lọ, kí ẹ sì kọjá tààrà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹfà. Ẹ máa wo ojú Sam.