ssh -XC tàbí X2Go: èwo ló yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà l'Ẹ̀pẹ́?

Bí ẹ bá wà l'Ẹ̀pẹ́, tí kọ̀ǹpútà Linux tí ẹ fẹ́ lò sì wà ní Jámánì, ssh -XC, àṣẹ tó ń gbé fèrèsé kọ̀ǹpútà òkèèrè wá sójú tiyín, ló yá jù láti tò: ẹ kọ X11Forwarding yes sínú /etc/ssh/sshd_config, kí xauth, ètò tó ń fàyè gba fèrèsé náà, sì wà lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó wà ní Jámánì).

Àmọ́ ọ̀rọ̀ X11, ètò tí Linux fi ń ya fèrèsé, ti pọ̀ jù. Yóò béèrè, yóò dúró de èsì, yóò tún béèrè. Bí àlọ àti àbọ̀ kan bá gba 300ms, 100 irú rẹ̀ ti di sẹ́kọ́ọ̀ndì 30 kí fèrèsé tó ṣí. Dátà nìkan ni -C ń fún pọ̀; kò lè fa Jámánì sún mọ́ Ẹ̀pẹ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, iṣẹ́ tí ẹ kò tíì tọ́jú bá a lọ.

X2Go, ètò mìíràn fún lílo kọ̀ǹpútà òkèèrè, ń fi nxagent ṣe alárinà. Orí sáfà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè ti ń rí èsì. Ẹ fi x2goserver àti x2goserver-xsession sórí sáfà, ẹ yan ADSL (ìyára nẹ́tíwọ́ọ̀kì) nínú x2goclient lórí kọ̀ǹpútà tiyín, kí ẹ sì lo XFCE, ojú-iṣẹ́ Linux tó fúyẹ́. Ojú-iṣẹ́ GNOME tuntun kì í bá X2Go rẹ́. Bí iná bá lọ, ẹ padà wá bá iṣẹ́ yín níbi tí ẹ fi í sí.

Fún xterm (fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí) kan ṣoṣo, ssh -XC tó.