Àtíkè eégbọn tí mo rà ní ọjà Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta: ó bá ajá mu, díẹ̀ ló kù kó gba ológbò lọ́wọ́ mi

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń lo àtíkè yìí fún Bíńgò, ajá mi kékeré. Ní ti eégbọn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ń ṣiṣẹ́. Ìdí irun ni mo máa ń wọ́n ọn sí, lọ́rùn àti lẹ́yìn etí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, tí wọ́n wú bí ẹ̀wà, á ti máa já bọ́ sórí ẹní. Ẹni tó bá ń sin ajá ní Ìbarà lásìkò òjò mọ ohun tí mò ń wí.

Agbọ́n ni kò gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n kọ́lé sábẹ́ páànù wa, ọ̀kan ta Bíńgò nímú, ẹnu rẹ̀ wú bí ẹni tó ki àkàrà gbígbóná sẹ́nu. Aṣọ tí mo rì bọ omi tútù ni mo ń gbé lé e, tí mo ń tẹ́tí sí mímí rẹ̀ títí wíwú náà fi lọ sílẹ̀. Ká ní mímí ti ń ṣòro fún un ni, ilé dókítà ẹran tààrà. (Tó bá jẹ́ oyin ni, ẹ tètè fi èékánná ha oró tó fi sílẹ̀ kúrò.)

Ẹjọ́ mi gan-an rèé. Mo bi ẹni tó tà á bóyá ológbò lè lò ó. "Àǹtí, ajá ni, ológbò ni, eégbọn kan náà ló ń jẹ wọ́n." Mo wọ́n díẹ̀ sọ́rùn Dúdú, ológbò mi. Lóru, etí rẹ̀ ń ta pọ́npọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń dà. Dókítà ní kí n ka ara agolo fún òun lórí fóònù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: permethrin, oògùn apakòkòrò. Ó ní kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ wẹ̀ ẹ́, kí n fi tówẹ̀lì wé e, kí n máa gbé e bọ̀. Ọjọ́ méjì ló fi gba omi sára. Ẹ̀dọ̀ ajá lè borí oògùn yẹn, ti ológbò kò lè ṣe é. Kódà kó fẹnu lá ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kùn léwu.

Òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ni ti Dúdú báyìí, pẹ̀lú ẹní tí mò ń fi omi gbígbóná fọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo lóòótọ́ pé kì í ṣe fún ológbò, àmọ́ lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ kéré ju eégbọn lọ.