Áàpù atúmọ̀-èdè kan àti ọ̀rọ̀ tí mo fi ń dán wọn wò

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe. Bí mo bá gba áàpù atúmọ̀-èdè tuntun sórí fóònù, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, superior, ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ gbàǹgbà-gbàǹgbà tó ń dẹ́rù bani kì í fi àìmọ̀ ẹnikẹ́ni hàn, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n sábà máa ń ní. Superior yìí, bó ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́ ló wà nílé ìwòsàn.

Èyí tí mo ń lò báyìí bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ní ọ̀gá ẹni lẹ́nu iṣẹ́ ni, ẹni tí ipò rẹ̀ ga ju tẹni lọ, yálà ó dàgbà jù wá tàbí kò dàgbà jù wá. Inú mi dùn sí gbólóhùn kékeré tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó rántí Mother Superior, olórí ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì. Ó sì kìlọ̀ pé superior to là ń wí, kì í ṣe superior than.

Ibi tó ti gbà mí lọ́kàn jù ni Lake Superior, adágún kan ní Àríwá Amẹ́ríkà. Adágún náà fẹ̀ tó 82,000 kìlómítà níbùú-lóòró, kò sí adágún olómi dídùn tó fẹ̀ tó o láyé, nítorí náà ta ni kò ní rò pé títóbi rẹ̀ ló fún un lórúkọ? Áàpù náà ṣàlàyé pé àwọn Faransé ló pè é ní adágún apá òkè, torí pé òkè Lake Huron, adágún mìíràn, ló wà. Odò St. Marys ló ń gbé omi rẹ̀ lọ sínú Huron. Ìlà méjì péré ni wọ́n fi sọ gbogbo èyí. Mo gbóríyìn fún wọn.

Ẹ má wulẹ̀ tẹ bọ́tìnnì ìtumọ̀ sí Yorùbá o! Mo tẹ superior vena cava, ó ní "iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dára jù lọ". Dára ju kí ni? Iṣan ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ orí, ọrùn àti apá padà sínú ọkàn ni. Ti òkè ni wọ́n ń pè é, torí pé èkejì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló tún tóbi jù. Ẹni tó bá gbé irú ìtumọ̀ yẹn fún aláìsàn kà ti dá wàhálà sílẹ̀. A superior smile náà di "ẹ̀rín tó rẹwà", nígbà tó jẹ́ ẹ̀rín ẹni tó ń fojú tín-ín-rín wo ọmọnìkejì.

Ti àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, àwọn tó ń pe Mars, Jupiter àti gbogbo plánẹ́ẹ̀tì tí ipa ọ̀nà wọn wà lẹ́yìn ti Ayé ní superior.

Ìpolówó ọjà rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí wọ́n bá yọ bọ́tìnnì yẹn kúrò, á di mẹ́rin.