Ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n: ọdún mẹ́ta wa pẹ̀lú Prado 150

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń da ìbéèrè bo àwọn tó ń ta jíìpù. Mo béèrè bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó, bí ikùn ọkọ̀ ṣe jìnnà sílẹ̀ tó, iye lítà epo tó ń mu, bóyá awọ ni wọ́n fi ṣe àga rẹ̀. Kò sọ sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti béèrè iye kílò tó lè gbé. A ti ra Toyota Land Cruiser Prado 150 tán, a sì ti gbé e lọ sí ìrìn àjò méjì, kí a tó gbé e gun òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù.

Àwa mẹ́fà la wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà: èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta àti ìyá mi. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, ìyá mi ti fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ọmọkùnrin tó ń wo òṣùwọ̀n sáré wá sójú fèrèsé. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin náà wà lára ohun tí ọkọ̀ ń gbé." Nọ́ńbà tó jáde ni 3,130 kg. Ìwé ọkọ̀ wa sì sọ ọ́ kedere pé tòun tèèyàn, tepo tẹrù, kò gbọdọ̀ ju 2,990 kg lọ. A ti fi 140 kg lé e láìmọ̀. Ọkọ mi pa ẹ́ńjìnnì, ó kàn ń wo nọ́ńbà yẹn. Èmi ń ronú nípa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn tí a ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí àwọn ọmọ ti sùn lọ lẹ́yìn.

Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó lọ́mọ, tó fẹ́ máa kó ìdílé rẹ̀ jáde lọ pàgọ́, tó sì ń wá jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an, bí mo bá sì tún fẹ́ rà lónìí, òun náà ni n ó rà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà yàn án kò dáa, orí ló kó mi yọ.

Ọkọ̀ tí a ń lò tẹ́lẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn jíìpù kéékèèké tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ọ̀dà. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóòótọ́, àmọ́ kò ní low range, ìyẹn jíà ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń lò fún ibi líle. A dé ibi òkè kan tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Ó gbìyànjú títí, òórùn nǹkan jíjó gba inú ọkọ̀ kan, iná pupa tàn níwájú ọkọ mi. Ẹ̀yìn ló fi rìn sọ̀ kalẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti pinnu pé ọkọ̀ tí kò bá ní low range, a ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ti Prado máa ń sọ agbára tó ń dé táyà di ìlọ́po 2.566. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ níbi òkúta: ọkọ̀ á máa rákò bí ìgbín, ẹsẹ̀ awakọ̀ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bíréèkì.

Ọkọ mi ní tirẹ̀, Land Cruiser 200 ló wù ú, pàápàá èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V8, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, lítà 4.5 tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ta ni kò ní wù? Àmọ́ ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lé ní 2,600 kg kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ju 3,350 kg lọ lápapọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún èèyàn àti ẹrù kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Prado lọ. Ara ńlá ń gbé ara rẹ̀ ká ni. Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo tó dẹ́kun fífi ojú wọn ọkọ̀.

Ní ti Prado wa, ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ìwúwo ọkọ̀ lófìfo jẹ́ nǹkan bí 650 kg. Ó dún bí ẹni pé ó pọ̀. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jẹ 335 kg nínú rẹ̀ kí a tó gbé ṣíbí kan wọlé. Omi 60 lítà, 60 kg nìyẹn, omi kì í dín ìwúwo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Irin ààbò iwájú ọkọ̀, 50. Àpótí onídúrọ́ọ̀ tí wọ́n kàn mọ́ búùtù, 60. Rákì orí ọkọ̀, 30, àgọ́ tó ń ṣí lórí rákì náà, 65. Fíríìjì pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, 45. Bátìrì kejì, 30. Táyà àpọ́jù kejì, 32. Ìkòkò, sítóòfù àti oúnjẹ, 40. Aṣọ àti ohun ìbora, 40. Kò sí ìkankan nínú wọn tí a rà láìnídìí. Ẹ́nìkọ̀ọ̀kan tó bá wa sọ̀rọ̀ nípa ìpàgọ́ ló ní ohun kan tí "kò ṣeé máà ní", a sì gba ti gbogbo wọn gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orí ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìnà. Ìwé wa sọ pé 80 kg ni òrùlé lè gbé bí ọkọ̀ bá ń rìn, àtirákì àtohun tó wà lórí rẹ̀. Rákì 30, àgọ́ 65: ó ti kọjá. Àwọn kan á sọ pé ṣebí èèyàn mẹ́ta ń sùn lórí rẹ̀ láìsí ohun tó ṣe é. Òótọ́ ni, ọkọ̀ tó dúró lè gbé púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, tó ń fò lórí kòtò, tó ń kọ kọ́nà, ni ẹrù orí ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá mi ti sọ ọ́ kí òṣùwọ̀n tó sọ ọ́, pé bí a bá ti ń kọ kọ́nà, ó máa ń dà bíi pé ọkọ̀ fẹ́ dùbúlẹ̀. A ò fetí sí i tó.

Nígbà tí a délé, a tẹ́ gbogbo ẹrù sílẹ̀ níwájú ilé, a sì ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin ààbò iwájú lọ. Àpótí onídúrọ́ọ̀ lọ, a fi àpótí ike mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, gbogbo wọn ò ju 10 kg. Àgọ́ orí ọkọ̀ lọ, a ra èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀, 20 kg. Táyà kejì dúró sílé. Bátìrì kejì, tó jẹ́ olómi, di lithium, èyí tó jẹ́ 12 kg péré, tí ẹ sì lè lo iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láìbà á jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ti olómi, bí ẹ bá ń lò ó kọjá ìlàjì ní gbogbo ìgbà, kì í pẹ́ kú. A padà lọ sórí òṣùwọ̀n: 2,930. Mo gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé fún mi.

Ọkọ̀ mìíràn ni a gbé padà sílé. Tẹ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ ń jókòó, iwájú ń gbójú sókè, iná wa ń bọ́ sójú àwọn tó ń bọ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó ń gba àkókò kó tó mú. Gbogbo rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí a fi ẹjọ́ sun mẹkáníìkì kan, ohun tó ní ká ṣe ni pé ká ra súpíríìnì tó le sí i. Súpíríìnì líle á gbé ìdí ọkọ̀ sókè lóòótọ́, àmọ́ kò yí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé padà, kò sì sọ agbára bíréèkì di ìlọ́po méjì.

Ohun kejì tí n ó fi gbogbo ẹnu sọ ni táyà. Ọkọ̀ wa wá pẹ̀lú ríìmù íǹṣì 18. A pààrọ̀ rẹ̀ sí 17: nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà kúrò ní 265/60R18, ó di 265/65R17. Gíga táyà kò yí padà, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ sí i, rọ́bà yẹn ló sì ń gba ìyà òkúta. Ṣùgbọ́n táyà tó dáa jù lọ láyé, bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò bá bá ilẹ̀ mu, asán ni. A há sínú iyanrìn nígbà kan, 36 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) ló wà nínú táyà. Ọkọ mi gbẹ́ ilẹ̀ títí òógùn fi bò ó, ọkọ̀ ń rì sí i ni. Bàbá kan tó ń kọjá nínú jíìpù àtijọ́ dúró, ó kí wa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má gbẹ́ ẹ mọ́, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ tú." Àkọ́bí wa di gééjì mú, a tú u dé 16 ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: ibi tí táyà fi kan ilẹ̀ ti gùn gbọọrọ, ó tẹ́ lé iyanrìn bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ọkọ mi fi í sí low range, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ọkọ̀ jáde láìsí ariwo kankan. Kò sí ẹni tó tì í.

Láti ìgbà yẹn, gééjì àti ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ kì í kúrò nínú ọkọ̀. Iyanrìn, 16 sí 18. Ojú ọ̀nà olókùúta, nǹkan bí 26, kí ẹ sì dín eré kù. Kí ẹ tó padà sórí ọ̀dà, ẹ fún un padà, nítorí táyà rírọ̀ tí wọ́n ń sá eré lé lórí á gbóná títí á fi ya. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ó pé: ẹ wọ̀n ọ́n ní tútù láàárọ̀, ẹ wakọ̀ fún wákàtí kan, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá fi ohun tó ju 4 psi lọ sókè, afẹ́fẹ́ ti kéré jù fún ẹrù tí ẹ gbé.

Ní ti ìjókòó, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ ìdílé kankan, ẹ kó gbogbo ilé lọ síbẹ̀, kí olúkúlùkù jókòó síbi tí yóò máa jókòó, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láìjẹ́ pé ọkọ̀ rìn. Prado wa jẹ́ ẹlẹ́ni méje. Bí ẹ bá gbé àga ẹ̀yìn pátápátá sókè méjèèjì, búùtù tó ṣẹ́ kù kéré, báàgì díẹ̀ ló ń gbà. Ọ̀kan ṣoṣo ni àwa ń gbé sókè, àbíkẹ́yìn ló ń jókòó níbẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gùn. Ìyá mi wà láàárín pẹ̀lú àwọn méjì yòókù. Ọmọ tó bá ti ga tó mi kò ní lè jókòó lẹ́yìn yẹn ju wákàtí kan lọ, mo ti gbìyànjú rẹ̀ fúnra mi, orúnkún mi ń kan àyà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe sókè. Bí òjò bá ń rọ̀, kò sí ohun tó bo ẹni tó ń dáná níbẹ̀, nítorí náà ẹ ra tapólì tó ń nà jáde lára rákì. Dígí rẹ̀ ń ṣí lọ́tọ̀, ìyẹn dùn mọ́ mi púpọ̀: n kì í ṣí ilẹ̀kùn gbogbo kí n tó mú omi.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lítà 2.8 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí i ní 2015 ló wà nínú tiwa. Kì í ṣe eléré, ó sì tó. Pẹ̀lú ẹrù kíkún, lítà 12.8 ló ń mu ní kìlómítà 100, táǹkì sì ń gba 87 lítà, a kì í jẹ́ kó ju kìlómítà 600 kí a tó tún ra epo. Nínú iyanrìn, ó ń mu tó 18. Bí ẹ bá fẹ́ fi fa tírélà, ẹ rántí pé ìwúwo tó ń tẹ ẹnu ìfà, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá tírélà náà, ẹ ó yọ ọ́ nínú 650 kg yẹn ni. Iye tí mo ń dá yìí jẹ́ ti ọkọ̀ wa. Ó máa ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn tiyín.

Bébà òṣùwọ̀n kejì, 2,930, ṣì wà nínú ìwé ọkọ̀. Kò sọ òótọ́ mọ́: láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi 25 kg kún ara wọn, 35 péré ló ṣẹ́ kù fún wa. Àkọ́bí fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání nígbà tí a bá tún ń lọ. Ó ti gbé e sórí ìwọ̀n fúnra rẹ̀, 14 kg, ó kọ ọ́ sára ìwé tó wà lára fíríìjì. Lábẹ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ti kọ ti tirẹ̀ náà: 12.